Jẹ́-ó-hó àti Ọṣẹ Tí Kò Hó

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé mo fẹ́ yìn ín o. Jẹ́-ó-hó ni gbogbo wa ń pè é ní ilé ìfọṣọ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ni olórí wa. Tí o bá da ọṣẹ sómi báyìí, á ti dúró sẹ́yìn rẹ, ọwọ́ ní ìbàdí: "Jẹ́ ó hó! Ọṣẹ tí kò hó, ọṣẹ jìbìtì ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá di orúkọ rẹ̀.

Ó mọ aṣọ fọ̀, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ tó dé ló ti ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Bí mo bá ká aṣọ kan wọ́ pẹ́nrẹ́n, á ní, "Ìyàwó, ṣé báyìí lo ṣe ń ká ti àbúrò mi? Abájọ tó fi máa ń rún bí ewé gbígbẹ." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì tún aṣọ náà ká.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ló ń kó aṣọ iṣẹ́ wọn wá fún wa, aṣọ tó mu òróró àti ọ̀dà yó. Ìgbà tó yá, mánijà mú ọmọbìnrin kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọṣẹ. Dókítà Ọṣẹ la sọ ọ́. Ọṣẹ olómi ló gbé dání, kò hó rárá. Ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ bí okùn tínínrín tí ojú ò lè rí, òun ló ń so ìdọ̀tí pọ̀ tí kò fi ní padà sára aṣọ. Nítorí pé kò hó, ká ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré ti tó.

Mánijà ní, "Tí ọṣẹ yìí bá mú aṣọ wọ̀nyí mọ́, òun la ó máa lò. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́ ọ, kó máa lọ sílé, ìbáà ṣe olórí."

Jẹ́-ó-hó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. "Dókítà, ta ló ń fọ aṣọ ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Omi lásán yìí lo fi ń fọ̀ ọ́? Ó hàn lọ́rùn aṣọ ẹ."

Ọmọ náà fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀.

Èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ, pé kí n fi ọṣẹ olómi náà nìkan fọ àwọn aṣọ ọ̀dà. Bí mánijà àti Dókítà ṣe wọ ọ́fíìsì, Jẹ́-ó-hó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó bu ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú wa sí i, ẹ̀kúnwọ́ lórí ẹ̀kúnwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká má fi nǹkan kan kún un o."

"Panu mọ́! Tó bá mọ́ tán, màá sọ fún wọn pé ọṣẹ wa ló fọ̀ ọ́."

Nígbà tí wọ́n kó aṣọ jáde, nǹkan funfun tó dì bí wàrà tó bàjẹ́ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mánijà pariwo, "Kí lèyí?"

Jẹ́-ó-hó nàka sí mi. "Ìyàwó àbúrò mi ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ bi í. Kò mọ nǹkan kan ṣe láyé ẹ̀!"

Ta ni yóò gba ìyàwó gbọ́ lórí ẹ̀gbọ́n ọkọ?

Dókítà Ọṣẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bu ọṣẹ olómi rẹ̀ sínú ife méjì, ó bu díẹ̀ nínú ọṣẹ wa sí ọ̀kan. Ojú ẹsẹ̀ ló dì. "Àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé, ńṣe ni wọ́n ń dì mọ́ra. Aláìmọ̀kan kan ló bu ọṣẹ yín sí i."

"Ta ni aláìmọ̀kan?" Jẹ́-ó-hó ti fò síwájú. "Èmi tí mo ti ń fọṣọ kí ìyá ẹ tó bí ẹ? Mo bu ú sí i, màá sì tún bu ú! Ọṣẹ wo ni kì í hó?"

Mánijà nawọ́, ó ní kó bọ́ épírọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ó bọ́ ọ, ó jù ú sórí aṣọ tó bàjẹ́ náà.

Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "O dúró, ò ń wò mí. O ò lè ní ìwọ lo ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn ò gbà ni."

Ẹnì kan ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti wá bá ọkọ mi sílé, pé kó lé mi. Ọkọ mi ní ká ní sùúrù. Kó máa ní in. N ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́.