Téèpù Bàámi àti Ẹnu Ọ̀nà Iyàrá Wọn

Òórùn èédú áyọ́ọ̀nù àti ti ògiri amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà'ba. Ibẹ̀ ni Bàámi ti ránṣọ títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú wọn lápá òsì. Nígbà tí ilé ìwòsàn fẹ́ dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ní òun kò ní buwọ́ lu ìwé àfi tí a bá sọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tí yóò máa yí wọn padà lórí ibùsùn, àti bí wọn yóò ṣe máa dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Ètò ìlú ni mo kà ní yunifásítì. Ta ni yóò tún kọ́ mi ní ètò? Mo tẹ ojú ewé mẹ́sàn-án jáde, mo sì ra àga onítáyà tó ń dán bí ọkọ̀ kọmíṣọ́nnà. Ọ̀dọ̀ mi ni mo kọ pé wọn yóò máa gbé, nítorí pé mo ní jẹnẹrétọ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè.

Bàámi gbọ́ ọ tán, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, íǹṣì mélòó ni ẹnu ọ̀nà iyàrá mi fẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"O ò tí ì wọn oníbàárà, o ti gé aṣọ. Ilé mi ni mò ń lọ. Bí àìsàn yìí bá tún dé, ibẹ̀ náà ni kí ẹ fi mí sí, níbi tí mo ti ń gbọ́ ìpè ìrun. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Mo kọ ọ́, Bàámi sì buwọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí òun ti ń retí láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún ilé ṣe dè wọ́n.

Àga mi fi íǹṣì mẹ́ta ju ẹnu ọ̀nà lọ. Mo dá a padà, mo gba èyí tó kéré tí kò dán rárá. Mo po sìmẹ́ǹtì fúnra mi, mo fi dí àtẹ̀gùn kí táyà lè yí dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Agbẹ̀bí kan ládùúgbò, tó ti fẹ̀yìntì, kọ́ àbúrò mi obìnrin bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà. Ìbátan wa olóyè kan wá wo iṣẹ́, ó ṣe àdúrà gígùn sí sìmẹ́ǹtì náà, ó sì lọ. Lọ́jọ́ tí a darí wálé, àlàfo ìka kan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bó ṣe ń wọlé. Bàámi fi ọwọ́ tọ́ àlàfo náà wò bí ẹni tó ń wo apá agbádá. Wọ́n ní, "Ó gún."

Àìsàn náà padà dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹbí kóra jọ láti jiyàn ibi tí a ó gbé wọn lọ. Mo mú ìwé tí Bàámi buwọ́ lù jáde, mo sì kà á fún wọn. Iyàrá wọn ni Bàámi wà, ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ìgbà náà, kí n tó fa ìlà kankan lórí ìwé fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń lọ.