Jẹ́bà Tí Mo Fi Parí Ìwé Ìyàwó Mi

Bí òjò bá ti rọ̀ ní Ìgándò, òórùn ààtàn Sólúùsì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, òórùn ewé jíjẹrà àti ọ̀rá jíjó, ìyàwó mi a sì dìde lọ ti fèrèsé, a tún padà sídìí ohun tó ń kọ. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì títí a fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, èmi a sì máa bá a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn, ìtàn ọmọbìnrin kan tó sá kúrò nílé nítorí àwọn ajínigbé, ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọbìnrin náà wà lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdímù lọ́dọ̀ obìnrin télọ̀ tó ń rán aṣọ fún ìyàwó mi. Abúlé kan ní Kwara ni ọmọ náà ti wá. Àwọn kan gun ọ̀kadà wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ìbọn, ìyá rẹ̀ sì ní kí ó di àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú, kí wọ́n máa sáré, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ìyá náà kò yè é. Ọwọ́ àwọn ọmọ méjèèjì wá já níbi tí èrò ti ń jà láti wọ ọkọ̀ akẹ́rù, láti ọjọ́ náà ni kò ti mọ ibi tí àbúrò rẹ̀ wọlẹ̀ sí.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyàwó mi a ka ohun tó kọ sí i létí, òun a sì máa tún un ṣe. Ojú ewé tí ọmọ náà bá ti sọ pé "Ó rí bẹ́ẹ̀" nìkan ni ìyàwó mi máa ń fi bírò pupa sàmì sí. Èyí tí kò bá ní àmì, mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó sunkún níbẹ̀," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ta ló ráyè ẹkún?"

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"À ń sáré ni. Mo sì ń bú àbúrò mi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bíi ti alàgbà ìjọ."

Alàgbà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyàwó mi wo ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà, ṣé o ń gbọ́ ṣá?"

Àìsàn kíndìnrín ló ṣe ìyàwó mi. Nígbà tó fi di pé wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ti parí ìwé náà, pẹ̀lú ọmọbìnrin inú rẹ̀ tó ṣì ń wá àbúrò rẹ̀ kiri. Ọ̀gá tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde wá pè mí. Ó ní ìwé dára, àmọ́ àwọn ilé ìwé ò ní gba ìwé tí ọmọ ti sọnù tí wọn ò sì rí i. Mo sọ fún ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Má fọwọ́ kan ibẹ̀, Tíṣà," ó ní. "Kò tíì rí i."

Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo kọ orí tuntun. Mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ kí ó di ìwé náà mú kí ó tó kú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ìyókù: mo gbádùn kíkọ rẹ̀. Jẹ́bà ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà èwe mi, mo sì kó gbogbo ohun tí mo rántí síbẹ̀: afárá, odò, ariwo rélùwéè, ṣọ́ọ̀bù páànù ẹnì kan tó ń lẹ táyà. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo fi ọmọkùnrin náà sí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yọ sí i.

Nígbà tí ìwé dé, ìyàwó mi kò lè kàwé mọ́. Ó gbé e lé àyà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fún ọmọbìnrin náà ní ẹ̀dà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń kà á, ó ń mi orí síbi tó mọ̀. Nígbà tó dé ìparí, ó dìde dúró.

"Dádì, ta ló rí àbúrò mi ní Jẹ́bà?"

Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lórí tábìlì.

"Ṣé ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti mọ̀?"

Ojú tì mí. Bí mo bá sọ pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, yóò dé etí ìyàwó mi pé mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Jẹ́ kí n gbé oúnjẹ lọ fún Mọ́mì ná. A ó sọ ọ́ tó bá yá."

Ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. "Ẹ ṣé, sà." Mo rò pé ó dágbére lásán ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin télọ̀ wá bá mi. Ọmọ náà ti kó báàgì rẹ̀ lọ láàárọ̀ àná. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ pé wọ́n ti rí àbúrò òun ní Jẹ́bà, àìsàn ni kò jẹ́ kí Mọ́mì sọ fún òun. Fóònù rẹ̀ kò lọ.

"Àbí ẹ̀yin náà, sà," obìnrin náà ní, "ẹ ò ṣe wá ẹni tí yóò sìn ín lọ?"

Ìyàwó mi ń béèrè ọmọ náà títí ó fi kú. Mo ń dá a lóhùn pé iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Jẹ́bà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ nípa rẹ̀ ti wó tipẹ́. Obìnrin kan tó ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀nà rántí ọmọ tó gbé ìwé dání, tó ń ṣí ojú ewé kan náà han gbogbo èèyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó ní bóyá àbúrò òun ti padà sí abúlé, òun náà ń lọ síbẹ̀. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì máa ń kọ lẹ́tà sí wa. Orí ìparí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ irú wọn ní kíláàsì pé ìparí tó dùn jẹ́ àánú tí òǹkọ̀wé ń ṣe fún òǹkàwé, mi ò sì bi ara mi rí pé òǹkàwé wo. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń dúró dè nílé lè gba irú àánú bẹ́ẹ̀, kó pa ìwé dé, kó lọ jẹun. Àwọn tó fẹ́ tù mí nínú ní ọmọbìnrin náà dàgbà tó láti mọ̀ pé ìwé lásán ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé la fi kọ́ ọ pé ohun tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kò ní wọ inú ìwé yẹn. Ó gbà wá gbọ́ ni.