Ẹjọ́ Íńdíà Dé Àgbàlá Wa

Ẹ gbà mí, ilé ẹjọ́ gíga Íńdíà ló ti fóònù mi mọ́lé lónìí o!

Màmá mi ti ọjà Tọ̀kpá dé, ó bá ìkòkò ẹ̀wà tó ní kí n máa ṣọ́, ó ti jóná. Èéfín ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnubodè Sẹmẹ̀! Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi: "Ó di ìparí oṣù."

Mo ní: "Màmá, ẹ dúró ná! Ní Íńdíà, ìjọba lé òṣìṣẹ́ kan láì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà!"

Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa tó fẹ́ràn fíìmù Íńdíà ju oúnjẹ lọ, sáré jáde: "Íńdíà kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀!"

Mo gbáyà síta bíi lọ́yà.

Màmá jókòó. "Ó dáa, lọ́yà. Kí lò ń ṣe tí ẹ̀wà fi jóná?"

"Mo ń ka ẹjọ́ Íńdíà náà lórí fóònù ni."

Haa! Ìyá Ráfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ń nu omijé ẹ̀rín: "A ti gbọ́ tẹnu ẹ. Fi oṣù kan kún un."

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń kọ èyí. Mo fẹ́ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn! Ta ló máa ṣe lọ́yà mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ tètè dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀!