Bí Mo Ṣe Di Ìyàwó Onímakí

Òórùn wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń dín nínú òróró ẹ̀pà, ló kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn Ṣábẹ, kí n má purọ́, kí n tó fẹ́ràn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn òkè olókùúta yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í da òjìji sórí ìlú, ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Pàràkú a kún fún èéfín igi, epo ọkọ̀ akẹ́rù, ata gbígbẹ tó ń ta ní imú, àti ìró odó. Ìró odó yẹn, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ti odó kan o! Makí yìí, ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì, ń gún iyán, makí ọ̀hún náà ń gún, inú ẹni a sì máa kùn bíi pé òun náà fẹ́ dá sí i. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sílé mọ́.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá láti Kétu ni. Yàrá kan ni mo gbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ mú ju ti ehoro lọ. Bí àlejò ọkùnrin bá fi lè jókòó lọ́dọ̀ mi títí omi tó mu fi tán, ìyá onílé á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, á fi orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀ pè mí, á ní, "Mètìrẹ́ẹ̀sì, ṣé àlejò yín ò ní í padà sílé ni?" Nítorí náà, makí ló di pálọ̀ èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi. Ọmọ Ṣábẹ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún ẹ̀rọ omi ṣe káàkiri abúlé, láti Ofè dé Kàbùà. Á ti oko wá pẹ̀lú eruku pupa lórí bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lára, á lọ wẹ̀, á sì wá fi alùpùpù gbé mi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí ó lọ̀ títí tó ń dán. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń jẹun níta, a kì í sì í jẹ níbì kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Èmi ni mo máa ń fún makí kọ̀ọ̀kan ní máàkì bíi ti ọmọ iléèwé: iyán ti eléyìí ní kókó, ti tọ̀hún egungun pọ̀ ju ẹran lọ, ti ẹ̀yìn ọjà dára ṣùgbọ́n ariwo orin wọn kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Ẹ̀rín la fi ń jẹun, mo gbádùn ayé mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ti ní kí n fẹ́ òun, mi ò sì tíì dá a lóhùn. Kì í ṣe òun ni mò ń bẹ̀rù, agbo ilé ni. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí láàárín wa: ọjọ́ tí o bá fẹ́ ọkùnrin kan, gbogbo ọmọ ilé rẹ̀ di ọkọ rẹ, àti ọkùnrin àti obìnrin, títí kan ọmọ àná tí ń fa ọmú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé. O ò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ìwọ kọ́ lo máa jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe ń rù sí i. Mo wá sọ fún ọ̀rẹ́kùnrin mi pé tó bá di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, màá fún un lésì. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu pé màá sọ pé rárá.

Makí tuntun kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ló gbé mi lọ, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń se ọ̀yà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìyá onímakí náà wà nídìí odó, ó fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká, òógùn bò ó lójú, òun àti obìnrin kan ni wọ́n jọ ń gún. Mo fa àga, mo jókòó, mo sì fi ohùn kíláàsì mi ké sí i, bí a ṣe ń pe àǹtí níbẹ̀: "Tanti, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí tiwa kúná dáadáa o, ebi ń pa wá!"

Obìnrin náà gbójú sókè. Kò wo èmi, ọkùnrin tó jókòó tì mí ló wò. Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rẹ́kùnrin mi ti dọ̀bálẹ̀ láàárín tábìlì méjì, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí ó lọ̀! "Ẹ̀gbọ́n! Ìgbà wo lẹ dé?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Pàràkú ló ti ń tajà láti ọdún pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọ̀rẹ́kùnrin mi pé ó ti padà wálé wá ṣí makí. Ìyá náà bi í pé ta ni òun rí yìí. Dípò kó sọ ohun kan tó mọ́yán lórí, ẹ̀rín ló bú sí. Ẹ̀rín yẹn ló tà mí.

"Ìyàwó mi!" ni ìyá onímakí ké, ó sì wá dojú kọ mí. "Ohùn Kétu nìyẹn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kétu nìyí, kí èmi ọkọ máa làágùn nídìí odó, kí ìyàwó jókòó sórí àga, kó ní kí n jẹ́ kó kúná?"

Ó na ọmọ odó sí mi. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ojú rẹ̀ kò ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn awakọ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó, ẹ dìde o!" Bí mo bá dìde, mo ti di ìyàwó lójú gbogbo ayé láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Bí mo bá sì jókòó, kí a tó dé ilé, gbogbo agbo ilé á ti gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ohun tí mò ń sá fún ló wá pàdé mi nídìí oúnjẹ yìí!

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́kùnrin mi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti bi í, kò tíì dá mi lóhùn. Kò tíì di ìyàwó ẹnì kankan níbí, oúnjẹ la wá jẹ. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fún èmi ní ọmọ odó."

Ha! Ẹ̀rín tí àwọn awakọ̀ yẹn rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ létí odò Okpara. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ tí kò rí èsì!" Ojú ń ti èmi nítorí tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò tijú. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba ọmọ odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ṣé ìgúnyán nìyẹn? Ó ń lu etí odó bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Ègé iṣu kan fò, ó lọ bọ́ sínú ọbẹ̀ awakọ̀ kan. Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tí mo dìde. Mo so gèlè mi mọ́ ìbàdí, mo gba ọmọ odó kejì, mo ní, "Rọra, o fẹ́ ba iyán oníyán jẹ́."

A bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Nígbà tó yá ó mọ̀ ọ́n: tí tirẹ̀ bá lọ sókè, tèmi a balẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń pàtẹ́wọ́, inú mi ń dùn débi pé apá ò ro mí rárá. Bí iyán ti ń fà ni ẹnu mi náà là. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ní ẹ̀yin lọkọ mi. Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ọkọ ló ń bọ́ ìyàwó o! Oúnjẹ òní, ọrùn yín ló wà."

Gbogbo makí hó yèè. Ìyá onímakí fi táwẹ̀lì bojú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Iyán àkọ́bù, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó fà mí dìde, ó fi mí jókòó sórí àga ara rẹ̀, ó sì gbé itan ọ̀yà ńlá síwájú mi. "Jẹun," ni ó sọ, ó rọ ohùn sílẹ̀ kí àwọn awakọ̀ má baà gbọ́. "Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nílé wa bá fìyà jẹ ọ́, èmi ni kí o wá bá."

Nígbà tí a wẹ ọwọ́ tán, ọ̀rẹ́kùnrin mi wò mí, ó ní, "Èsì mi ńkọ́?" Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ nídìí odó.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti wọ agbo ilé náà, mo ti mọ àwọn ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti fún wọn ní orúkọ àpèlé. Àwọn kan ń mú mi bínú, mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rí ọkùnrin kan tó gbà kí gbogbo makí fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n má baà fi agbára gbé mi kúrò lórí àga. Ká ní ó bá wọn ní kí n dìde ni, Kétu ni màá wà lónìí.