Christiana Ṣùpọ̀ Kọ̀ Láti Pe Àìsàn Lórúkọ

Ní ilé ìfọṣọ kan ní Nathan Way nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dájú bíi ti Christiana Ṣùpọ̀. Òun àti Medinat ni wọ́n jọ máa ń dúró síwájú ẹ̀rọ ìlọṣọ. Kálukú á di igun aṣọ méjì mú, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á sì tì í sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yọ̀, aṣọ á wọ́, ẹ̀rọ á fà á ya. Ọwọ́ Christiana kì í yọ̀.

Ní ọdún 2014, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Thamesmead Town Centre. Nígbà tó fi kúrò ní ọsibítù, ẹsẹ̀ ti ń gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè di ife mú. Kenneth, máníjà wọn, ní òun á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é di Kérésìmesì. Bí kò bá lè padà nígbà náà, òun á gba ẹlòmíràn.

Raymond ni ọsibítù rán wá sílé láti kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́ padà. Òyìnbó ni, ọ̀dọ́ ni, ó sì lọ́yàyà. Bó bá ti wọlé, á ní, "How are you, Christiana?"

"I am fine. Very fine, in Jesus' name."

Kì í ṣe irọ́ lójú tirẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ níbẹ̀ pé ara ńkọ́, "Ara le" ni ìdáhùn, kódà bó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gbé ọ wọlé. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, àìsàn á dá a lóhùn.

Raymond gba ọ̀rọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọwọ́ òun pinpin. Christiana gbàdúrà sínú, ó fún un lẹ́ẹ̀kan tipátipá. Raymond kí i kú oríire, ó ní òun ò ní wá mọ́, àwọn tí ara wọn ò tíì yá ń dúró de òun.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ẹwàọlá, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Woolwich, ti ibi iṣẹ́ dé.

"Mummy, Raymond ò wá?"

"Ó wá. Ó ní ó parí."

"Ó parí báwo? O ò lè de bọ́tìnì ẹ."

"Ó bi mí bí ara mi ṣe rí. Mo ní I am fine."

"Mummy, tó o bá ní fine fún òyìnbó, ilé ẹ̀ ló ń lọ yẹn."

"Kí wá ni kí n sọ? Kí n fẹnu mi pe àìsàn?"

Ẹwàọlá jókòó tì í. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí àìsàn ti tú sílẹ̀, tí àlàáfíà ò tíì gbà tán.

"Not out of the woods yet."

"Igbó wo? Ta ló rí mi nínú igbó?"

"Bouncing back."

"Ṣé bọ́ọ̀lù ni mí?"

"On the mend."

"Wọ́n ń tún mi ṣe bíi bàtà. Òmíràn ńkọ́?"

"Getting there."

"Níbo?"

"Ibi tó o fẹ́ dé. O ò tíì dé, but o ti ń lọ."

Christiana tún un pè: "Getting there." Èyí ò pe àìsàn. Kò sì parọ́ mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ Woolwich Ferry láàárín omi ò ní sọ pé òun ti dé òdìkejì, kò sì ní sọ pé òun ò ní dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹwàọlá fẹ́ bá a pe Raymond. Christiana gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"I am getting there," ó ní. "I have not reached. The hand cannot hold a cup. Come back."

Raymond béèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"I was thanking God. Now I am telling you."

Raymond padà wá. Láti ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ ìdáhùn tó ṣe pàtó: àtàńpàkò ti dé, ìka kékeré ṣì wà lẹ́yìn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì Amos bi í lójú ìjọ pé, "Ìyá Ẹwà, ara ńkọ́?"

"Ara ń le, Bàbá. Ó ku ìka kékeré."

Wòlíì wò ó títí. Kò sí ẹni tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó kọjú sí ìjọ. "Ẹ dìde. Ìka kékeré la fẹ́ gbàdúrà fún."

Gbogbo wọn dìde.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésìmesì dé nígbà tó padà sí Nathan Way. Kenneth ní kí òun àti Medinat mú aṣọ kan.

"Ìyá Ẹwà, ṣé kí n rọra fà á fún yín?" Medinat bi í.

"Fà á bó o ṣe ń fà á."

Medinat fà á. Igun aṣọ kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó jáde lódìkejì láìwọ́. Kenneth rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tó, kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Monday. Ó yíjú padà láti máa lọ.

"Kenneth, wait," Christiana ní. "You have seen only one."

Ó ti mú igun aṣọ mìíràn. Kenneth dúró.