Ọ̀gágun Clement Gba Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Bí ẹ bá dé Whalebone nílùú òyìnbó níbí, tí ẹ ní ilé Ọ̀gágun lẹ ń wá, wọ́n á mú yín débẹ̀. Ọ̀gágun wa kò yìnbọn rí o! Clement Adéyanjú lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ka páálí ní wẹ́ẹ́háòsì kan ní River Road kó tó fẹ̀yìn tì. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ń ja Ogun Àgbáyé Kejì. Mágí ni àwọn ará Rọ́ṣíà, kóró ṣúgà ni Jámánì. Wúrà ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyọ̀, nítorí Améríkà ni.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dúró ná. Oyún Clement ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó Gbádébọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, kó lọ gbèjà ọba òyìnbó. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1945 ló kú síbẹ̀. Ìjọba ṣe é dáadáa, wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́: ìlà mẹ́ta gbáko! Kò sí sàréè, kò sí fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tí Clement ń fẹ́ ni kí òun dárúkọ bàbá òun sókè láàárín èèyàn, lọ́jọ́ náà gan-an, kí òun náà tó lọ.

Lọ́dún yìí, ọjọ́ náà bọ́ sí Sunday. Wòlíì Olúdayọ̀ ìjọ wa fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn ìkéde nípa àwọn tó ń páàkì mọ́to dí ẹnu géètì.

"Bàbá Mìdé," ni Wúrà wí, "ẹ fi bàbá yín ṣáájú o."

"Ogun ní ètò," ni Ọ̀gágun dáhùn. "Ìwọ̀-oòrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ojú ìwé méje ló kọ, gbogbo bí ogun ṣe lọ kárí ayé lọ́jọ́ kan péré náà. Bọ́mà wà lójú ìwé keje.

Nígbà tí Sunday dé, Ọ̀gágun dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, lórí sìmẹ́ńtì tó tutù bíi fìríìjì. "Ní Bẹ́ljíọ̀mù, irú òní, ogun inú yìnyín parí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti kú..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni ìjọ ké.

Wòlíì fò dìde. "Ẹ gbóhùn sókè, ẹ kọ ikú òjijì!" Wọ́n kọ̀ ọ́ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ṣé a ó wá gbọ́ ibi nínú ìjọ wa ká dákẹ́ ni? Ó dé Póláǹdì, ó ní àwọn ará Rọ́ṣíà ti dó ti ìlú Poznań. Wọ́n tún kọ ìyẹn, wọ́n fi orin lé e. Ó dé Filipínì, Arákùnrin Láyí tó ń wa bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè àjèjì. Àwọn ọ̀gágun òyìnbó fi ọdún mẹ́fà ja ogun yìí. Ìjọ wa parí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn òyìnbó ni ò mọ̀ ọ́n ṣe!

Agogo dún. Ìyá Ọládùnní tó ń ṣọ́ àkókò ló mì í. "Àkókò ti tó, Bàbá."

Ojú ìwé kẹrin ni Clement wà. Ó ju ìwé náà sílẹ̀. "Gbádébọ̀ Adéyanjú, bàbá mi, kú sí Bọ́mà lónìí..."

"Kò ní ṣẹlẹ̀!" ni gbogbo ìjọ pariwo.

"Ó ti ṣẹlẹ̀!" ni Clement ké. "Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ti ṣẹlẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ ọ́. Mi ò ní bàbá mìíràn."

Wòlíì lanu, kò rí àdúrà kankan tó bá a mu, ó pa á dé. Ìyá Ọládùnní fọwọ́ di ahọ́n agogo rẹ̀ mú kó má baà dún.

"Ẹ tún un pè, Bàbá," ló wí.

Clement lanu, ohùn kò jáde. Wúrà ló bá a pè é láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, gbogbo ìjọ sì gbà á: Gbádébọ̀ Adéyanjú.