Ìkúnlẹ̀ Tó Wà Nínú Dísíkì

N ò ní purọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi. Ọjọ́ ti pẹ́, mo ti di ìyá ọlọ́mọ, irun iwájú orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ tí mo bá ti gbọ́ ìró fáànù kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tó máa ń kùn ṣáá yẹn, ojú mi á kọ́kọ́ rí yàrá kan ní Iléṣà, lẹ́yìn náà ni àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìtàn yìí ti sú àwọn ará ilé mi. "Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé yìí náà lo ṣì ń gbé kiri?" ni ọkọ mi máa ń wí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń dúró de yunifásítì tí kò pè mí, ni bàbá mi bá mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Yàrá méjì péré ni. Ní yàrá iwájú, àwọn ọmọbìnrin ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́ṣẹ́. Ní yàrá ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà, wọ́n máa ń fi aṣọ funfun bò wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kí a tó wọlé lọ bá wọn. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ní òmíràn ní Òṣogbo, nítòsí Old Garage, ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí jù. Láàárín ọdún kan, èmi ni mo ti ń tọ́jú yàrá ẹ̀yìn, nítorí mo tètè mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, ẹ̀rù kì í sì í bà mí láti tẹ ohun tí n ò mọ̀. Ọ̀gá ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ ṣí yàrá tuntun ní Òṣogbo, pé òun á yan olùkọ́ àgbà síbẹ̀, àti pé láàárín àwa méjì ni òun á ti mú un: èmi, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe olùrànlọ́wọ́ fún un lọ́hùn-ún. Ipò yẹn ni mo ń lá lálàá. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń dúró dè mí nílé ayé nígbà náà.

Géèmù kan wà nínú kọ̀ǹpútà kẹta. A ò mọ ẹni tó kó o síbẹ̀. Géèmù oníbọn ni: ọwọ́ rẹ àti ìbọn nìkan lo máa rí nísàlẹ̀, bí ẹni pé ìwọ fúnra rẹ lò ń rìn nínú ilé ńlá kan tó kún fún kọ̀rọ̀, àwọn iwin á sì máa ju iná sí ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń tì mí lójú. Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ká ní ó mọ̀ pé lọ́sàn-án gangan ni ọmọ òun ń bá ẹ̀mí èṣù wọ̀yá ìjà, tó sì ń gbádùn rẹ̀, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ì bá kéde.

Fáìlì ìwé kan wà pẹ̀lú géèmù náà tí kò sẹ́ni tó kà á. Èmi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan báyìí kó tó ṣí géèmù, kọ̀ǹpútà á ká gbogbo bó ṣe gbá a sílẹ̀. Kì í ká àwòrán o. Ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe ló ń ká: o lọ síwájú, o yà, o yìnbọn, o dúró. Tí o bá wá gbé fáìlì kékeré yẹn fún ẹlòmíràn tó ní géèmù kan náà, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ á gbá a lójú rẹ̀ bí o ṣe gbá a gan-an. Dẹ́mò là ń pè é. Ohun gbogbo ló wà nínú rẹ̀ àfi orúkọ ẹni tó gbá a. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo gbọ́ pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká dẹ́mò, ó kọ lẹ́tà sí mi pé kí n jọ̀ọ́ kọ́ òun. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́fà, ẹnu rẹ̀ dùn, inú mi sì dùn pé ẹni tó jù mí lọ ń bẹ̀ mí. Òmùgọ̀ ni mí! Mo kọ́ ọ láìfi ohunkóhun pamọ́. Láti ìgbà náà la ti ń fi dísíkì ránṣẹ́ síra wa. Dírẹ́bà kan tó ń ná Iléṣà sí Òṣogbo ló ń bá wa gbé e pẹ̀lú àwọn ìwé ọ̀gá. Mo máa ń wé e sínú ọ̀rá, mo sì máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà ọkọ̀, nítorí mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Á ní, "Ẹ mà ń kẹ́ nǹkan yìí jù o, ṣé ọmọ ìkókó ni?" Á sì kì í sínú àpò àyà rẹ̀.

Ipele kan wà nínú géèmù náà tí gbogbo wa ń kú sí. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tó bá gbá a parí láìkú, òun á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i. Lẹ́tà yẹn ló kó sí mi lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbá ipele kan ṣoṣo, mo ń lá a lójú oorun, mo ń yà ní kọ̀rọ̀ ilé wa bí ẹni tó gbé ìbọn dání.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin yàrá iwájú ti lọ jẹun, mo jókòó, mo tẹ ọ̀rọ̀ ìká yẹn, mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ó kù díẹ̀ kí n dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ níbí o." Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá ọ̀gá ni, ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìbòkun ló ń gbé. Ó wá kí èèyàn ní Iléṣà, ló bá ní kí òun yà wo ibi iṣẹ́ ọmọ òun. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo wa.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? N ò tilẹ̀ rò ó. Mo fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo dìde, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káre o, ọmọ mi. Àwọn òbí rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí eékún mi, àlàáfíà ni wọ́n wà, mà, a dúpẹ́, mà, bẹ́ẹ̀ ni iwin kan dúró lọ́hùn-ún tó ń ju iná lù mí láìdáwọ́ dúró. Igbe tí mò ń ké nínú géèmù dé etí Màmá.

Ó ní, "Ta ló ń ké nínú àpótí yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó wò mí títí. Ó ní kí n dìde, kí n lọ gba ara mi sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ìdí kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀mí tó kù fún mi kò ju mẹ́tàlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́tàlá yẹn ni mo fi jà dé ilẹ̀kùn, mo sì parí rẹ̀. Mo pariwo! Màmá dúró wò ó tán, ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún mi, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo da fáìlì náà kọ sínú dísíkì méjì, mo tọ́jú ọ̀kan, mo fi báírò kọ orúkọ mi sára èkejì, mo sì fi ìwé pélébé kan sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìdọ̀bálẹ̀ o." Dírẹ́bà gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dírẹ́bà kan náà ló mú ìròyìn dé. Ó ní wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n mi jẹ olùkọ́ àgbà. Ó ní géèmù kan ló gbá tí ọ̀gá wò, ọ̀gá sì ní ẹni tó lè ṣe irú èyí, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ká a sílẹ̀, òun ló mọ kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní ó dúró gbagidi kí iwin máa sun ún níná, kò mira! Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n yín yẹn o."

Mo jókòó sórí àga àwọn atẹ̀wé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Old Garage, mo gba inú àwọn tó ń pe èrò kọjá, mo já sí ibi iṣẹ́ ọ̀gá. Mo bọ́ bàtà. Ohun tí mo rí nínú yàrá yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ọ̀dọ́mọkùnrin bíi mẹ́jọ pé lé kọ̀ǹpútà kan lórí, ẹ̀gbọ́n na ìka sí i, ó ń kọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ tó jókòó dé ibi tí mo wà nínú géèmù nígbà tí Màmá kí mi, ẹ̀gbọ́n ní, "Ó yá, dúró níbẹ̀! Ká ọwọ́ rẹ kúrò. Jẹ́ kó jù ú. Ọkàn líle là ń kọ́ níbẹ̀ yẹn." Ọmọ náà káwọ́ gbera, iwin ń sun ún, gbogbo wọn ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Kíkí tí mo kí àgbàlagbà ló ti sọ di ọgbọ́n ogun.

Mo lọgun. Mo ní olè ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pe ẹni tó jù mí lọ lólè lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, n ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ dòní. Ọ̀gá jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mo ní mi ò dúró o, mò ń kí Màmá yín ni, sà, orí eékún mi ni mo wà. Ńṣe ni yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní dísíkì kejì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun náà ló fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa fi kọ́ṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó, kí n gbá a lójú wọn. Ó ní, "Ẹni tó ti wò ó nígbà ogún lè sín mi jẹ, sà."

Mo ní, "Ẹ bi Màmá, sà. Ẹ kàn bi Màmá."

Ọ̀gá wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n wá lọ sí Ìbòkun lọ bi ìyá mi bóyá ó rí iwin?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó wá le ojú. "O bú ẹ̀gbọ́n rẹ níta gbangba. Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, ju ipò tí mo pàdánù lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, àgbà ní kí n kúnlẹ̀, eékún mi sì ti wà nílẹ̀ kí ọpọlọ mi tó kọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Kò burú, àbúrò mi. Dìde." Ẹni tó ṣèlérí pé òun á dọ̀bálẹ̀ fún mi! N ò padà sí ibi iṣẹ́ yẹn mọ́. Bàbá mi bi mí títí, mo ní kọ̀ǹpútà ti sú mi.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, mo ti lọ́kọ, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ni mo bá pàdé Màmá níbi ìdúpẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n ń dì í lápá mú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo rò pé kò lè mọ̀ mí. Ó gbé ojú mi sókè, ó ní, "Ìwọ kọ́ lò ń ké nínú àpótí nígbà kan?" Omi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Mo sọ fún ọmọ mi lọ́sẹ̀ yẹn náà. Mo ní, ọmọ tí wọ́n ń sun níná, tó fi í sílẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí mi, tó tún padà lọ ṣẹ́gun, kó má fi ọmọ yẹn ṣeré o."

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n obìnrin ni, ilé ọkọ ló máa lọ láìpẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ yé yín. Ọ̀gá mọ̀. Ó ti mọ̀ kí n tó dé Òṣogbo, ó mọ̀ nígbà tó ń wo ilẹ̀, ó sì ní kí n kúnlẹ̀. N ò sọ èyí fún Màmá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀.

Fáìlì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi ló bá mi gbé e kúrò nínú dísíkì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. A jọ wò ó lọ́jọ́ kan. Nígbà tó dé ibẹ̀, tí iná ń bà mí tí n ò mira, ó ní, "Màmá, kí lẹ dúró ń ṣe?" Mo ní mò ń kí ẹnì kan. Ìkúnlẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ títí láé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò. Èyí tí mo kúnlẹ̀ ní Òṣogbo ni kọ̀ǹpútà kankan kò ká sílẹ̀, òun ni mo ṣe jókòó kọ síbí.